Àjẹmọ́nú

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti fa omi adágún Kampe sẹ́yìn,
etí omi là bí gìgísẹ̀ aláìwọ̀bàtà,
mo sì da ọkọ̀ mi dé sábẹ́ igi mángòrò
bí ìkòkò ẹ̀yìn àsè.
Ejiba kò tíì jí tán.
Mo ń fi abẹ ha ewédò kúrò ní ikùn rẹ̀,
ìṣáwùrú kéékèèké ń já bọ́ sórí páànù, pá, pá, pá.

Orúkọ ọkọ̀ náà ni Àjẹmọ́nú.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀ ní Lọ́kọ́ja
kí wọ́n tó san án fún mi, èmi tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì.
Àwọn ẹgbẹ́ mi fi tiwọn parí ilé,
ẹnì kan ra ẹ̀rọ ìlọta.
Èmi ra pákó àfàrà mẹ́tàdínlógún àti ihò márùn-ún.

Ndagi ló bá mi wò ó, ọmọ Núpé
tó ti ń pẹja níbí kó tó hu irùngbọ̀n.
"Ọ̀kún o, Tíṣà. Ọkọ̀ kì í purọ́.
Ẹ gbàgbé rẹ̀ lóṣù kan, á rán yín létí láàárín omi."
Ó fi òwú àti oje igi dí ojú pákó,
ó fi ọ̀dà dúdú lé e.
Kò gba owó kíkún;
ó ní kí n máa kọ́ ọmọ òun bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ìdá.

Mo tún un ṣe, mo tún un tún ṣe.
Mo tú àga iwájú Píjò tó kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Mejabi,
mo dè é mọ́ àárín ọkọ̀, tòun ti bẹ́líìtì.
Mo ra ẹ́ńjìnnì Yàmáhà àlòkù ní Ẹ̀gbẹ̀,
tó ń wúkọ́ bí àgbà nínú ọyẹ́.
Mo yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún.
Búrọ́ọ̀ṣì ta ni? Ẹ má bi mí.

Ìyá Rántí gbé bírò, ó ṣírò:
"Ẹja mọ́kànlá lọ́dún kan.
Pín owó ọ̀dà, owó pákó, owó bẹntiróòlù sí i.
Epìyà kan, ẹgbàá méje náírà!"
Èmi tí mo fi ìṣirò jẹun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Àmọ́ kò ṣírò ìdájí,
nígbà tí kùrukùru bá sàba lé omi,
tí okùn ìwọ̀ bá dúró gbọnrangandan,
tí ìka ń gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́.

Sátidé tó kọjá ló gbà láti bá mi lọ.
Ó jókòó sórí àga Píjò, ó de bẹ́líìtì.
Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì: ó wúkọ́, ó dákẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Òógùn bò mí,
mo bú ẹni tó tà á fún mi ní Ẹ̀gbẹ̀ àti ìyá tó bí i.
Ó na ìka: "Kọ́kọ́rọ́ epo yìí, ṣé títì ló yẹ kó wà?"

Láàárín adágún, ìwọ̀ mi há.
Mo fà á, kò wá. Kì í ṣe ẹja; ẹja a máa jà.
"Ibo la wà yìí?"
Mo wo àpáta lápá ọ̀tún, mo wo òpó iná lápá òsì.
Oko bàbá mi ni, kí wọ́n tó sé odò.
Igi irú mẹ́ta ló wà níbẹ̀.
Mo máa ń gun èyí tó ga jù,
ìyá mi á máa pariwo nísàlẹ̀ pé kí n sọ̀.

Mo mú abẹ kí n gé okùn.
Ìyá Rántí dì mí lọ́wọ́ mú.
"Jẹ́ kó ṣe díẹ̀ ná."

Àjẹmọ́nú ń yí lórí okùn kan ṣoṣo náà
bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.
Omi ń wọlé níbi ihò karùn-ún.
Kò pọ̀. Mo ń fi agolo mílíìkì gbọ́n ọn.